Ilẹ̀ Sahrawi Kì Í Ṣe Tiyín Láti Fi Tọrẹ

Ẹ̀yin olórí ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ rán aṣojú lọ sí Dakhla àti El Aaiún ní Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, tí ẹ ta àsíá yín sókè níbẹ̀, tí ẹ ya fọ́tò, tí ẹ sì bọ onílé lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Mòrókò tí ẹ bọ̀ lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe onílé. Ogun ló fi wọlé. Láti ọdún 1963 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà sínú ìwé àwọn ilẹ̀ tí kò tíì gba òmìnira, orúkọ náà sì wà níbẹ̀ di òní. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì lọ.

Kòmórò ló ṣáájú ṣí ọ́fíìsì aṣojú síbẹ̀ ní òpin ọdún 2019. Ọdún 2020 kò tíì jìnnà tí Gámbíà, Gínì, Gàbọ̀nù àti Côte d'Ivoire fi tẹ̀ lé e. Sẹ̀nẹ̀gàl lọ ní 2021. Tógò lọ ní 2022, èyí sì dùn mí ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé, ẹbí wa ni wọ́n, orúkọ tiwọn náà sì ni wọ́n fi ṣe é. Kí ni Tógò ń wá ní Dakhla? Kì í ṣe tìtorí ará Tógò tó ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣí ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n ṣí i kí Mòrókò lè nàka sí i, kó sì sọ fún ayé pé àwọn ọmọ Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ òun ti gbà pé òun ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, torí ó jọ pé ìgbàgbé ti bá ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní 1884, nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ jókòó ní Berlin láti pín Áfíríkà láàárín ara wọn, Sípéènì gbé àsíá rẹ̀ dé etí òkun àwọn Sahrawi. Darandaran ni àwọn ènìyàn náà. Ràkúnmí ni ọrọ̀ wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé òjò káàkiri inú aṣálẹ̀, wọ́n sì ní àwọn àgbà tí ń jókòó dá ẹjọ́ láàárín ẹ̀yà kan sí èkejì. Fún ìgbà pípẹ́, Sípéènì kò fi bẹ́ẹ̀ ka inú ilẹ̀ náà sí, àfi ìgbà tí wọ́n rí fọ́sífeètì ní Bu Craa, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Wọ́n ta bẹ́líìtì kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà la aṣálẹ̀ kọjá, òun ló ń kó òkúta náà lọ sí etí òkun fún ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí owó ti wà nílẹ̀, ojú kúrò lára ènìyàn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1970, àwọn Sahrawi jáde ní Zemla, nínú ìlú El Aaiún, pé kí Sípéènì fún àwọn ní ẹ̀tọ́ àwọn. Sọ́jà yìnbọn lù wọ́n. Wọ́n mú Bassiri tó jẹ́ aṣáájú wọn, wọn kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Polisario sílẹ̀ láti jà fún òmìnira wọn. Ní 1974, Sípéènì ka àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 74,000, ó sì ṣèlérí pé wọn yóò dìbò láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Kíá ni Mòrókò dìde láti àríwá, Mọriténíà dìde láti gúúsù, oníkálukú ní òun ló ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn adájọ́ ṣe kedere: nígbà tí Sípéènì dé, ṣé ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni? Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló so ó pọ̀ mọ́ Mòrókò, kí ló sì so ó pọ̀ mọ́ Mọriténíà? Méjì nínú àwọn adájọ́ náà jẹ́ ti agbègbè wa: Charles Onyeama, ọmọ Nàìjíríà, àti Louis Ignacio-Pinto, ọmọ Dahomey tí a ń pè ní Benin báyìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ọdún 1975, èsì jáde. Ilẹ̀ náà ní olúwa. Àwọn ẹ̀yà kan níbẹ̀ máa ń júbà fún Sultan Mòrókò, àjọṣe sì wà láàárín wọn àti àwọn ará Mọriténíà. Ṣùgbọ́n ìjúbà kì í ṣe níní ilẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú gbogbo rẹ̀ tó lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn Sahrawi láti fẹnu ara wọn sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Hardy Dillard, adájọ́ tó wá láti Amẹ́ríkà, fi kún un pé àwọn ènìyàn ló yẹ kó pinnu ohun tí ilẹ̀ yóò dà, kì í ṣe ilẹ̀ ni yóò pinnu ohun tí àwọn ènìyàn yóò dà.

Ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ kó tó gbọ́ irú ìdájọ́ yìí yé. Ọ̀pọ̀ ọba wa ló ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun adé orí wọn. Ṣé Ọọ̀ni wá lè kó ọmọ ogun lọ gba Ìlá tàbí Kétu nítorí ìyẹn, kó ní òun ń gba oko bàbá òun padà? Ẹni tó bá dán an wò, Ifẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ bá a wí. Ìjúbà jẹ́ ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ̀wọ̀ di ìwé ilẹ̀, olè ni.

Ní ọjọ́ kan náà tí ìdájọ́ yẹn jáde, ọba Hassan Kejì ti Mòrókò bọ́ síta, ó ní ilé ẹjọ́ ti dá òun láre. Ó ní 350,000 ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ rìn wọ Sàhárà láti lọ gba ohun tó jẹ́ tàwọn. Kí àwọn ènìyàn náà tó rìn, sọ́jà rẹ̀ ti kọjá ibodè ní òpin oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, àwọn ará ìlú tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Àlùkùránì àti àsíá lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ipá mú Mòrókò kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ní Madrid, Sípéènì jókòó pẹ̀lú Mòrókò àti Mọriténíà, ó sì gbé ìṣàkóso ilẹ̀ náà lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ara Franco ò yá nígbà náà, ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kó kú. Sahrawi kankan kò sí nínú yàrá yẹn.

Àwọn ènìyàn náà sá. Wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó arúgbó, wọ́n gba inú iyanrìn lọ síhà ìlà oòrùn. Ní Um Draiga, ní oṣù kejì ọdún 1976, ọkọ̀ òfurufú Mòrókò ju bọ́ǹbù oníná napalm sórí àgọ́ wọn. Àwọn tó kù dé ẹ̀gbẹ́ Tindouf ní ilẹ̀ Àlùjéríà, níbi tí ilẹ̀ le gbagidi tí koríko ò hù, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ nígbà náà ti bímọ, ọmọ rẹ̀ náà sì ti ń bímọ. Ju 100,000 ogúnléndé lọ ló ń jẹ oúnjẹ tí àjọ aláàánú bá kó wá. Wọ́n sọ àgọ́ wọn ní orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀: El Aaiún, Smara, Dakhla. Ẹ gbọ́ orúkọ tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì níbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì dá mi lóhùn. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti Mòrókò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ló dé tó fi gbà kí Mọriténíà mú apá gúúsù? Ta ló ń gé ẹran ara rẹ̀ fún aládùúgbò bẹ́ẹ̀? Ní 1979, lẹ́yìn tí Polisario ti fi ogun rẹ Mọriténíà, tí sọ́jà sì ti gbàjọba ní Nouakchott, Mọriténíà fọwọ́ sí ìwé ní Algiers pé òun kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ náà mọ́. Mòrókò wọ apá ibẹ̀ náà, ó ní tòun ni. Dakhla wà ní apá yẹn gan-an. Ìyẹn ni pé ìlú tí ẹ ṣí ọ́fíìsì sí, Mòrókò fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí Mọriténíà máa ṣàkóso rẹ̀, kó tó wá di ìlú ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Mòrókò fi iyanrìn àti òkúta mọ odi tó gùn tó nǹkan bí 2,700 kìlómítà, láàárín 1980 àti 1987, ó sì rì àdó olóró sábẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, ìbọn dákẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ikọ̀ MINURSO sílẹ̀ láti ṣètò ìdìbò: òmìnira ni wọ́n fẹ́, tàbí kí wọ́n wà lábẹ́ Mòrókò? Oṣù kìíní ọdún 1992 ni wọ́n dá. Ìdìbò yẹn kò tíì wáyé.

Ẹ ó sọ fún mi pé bí ayé ṣe rí láti ọjọ́ aláyé nìyẹn, pé alágbára a gba ilẹ̀, ẹni tí kò lágbára a gbà fún Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tiwa náà ò mọ́ níbẹ̀. Ìbàdàn fi ogun kó Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú wọn, àwọn ajẹ́lẹ̀ sì ń jẹgàba lórí àgbẹ̀ àti ìyàwó onílé, títí Èkìtì Parapọ̀ fi dìde nínú ogun Kírìjí. Ìwé àdéhùn jáde ní 1886, síbẹ̀ àwọn jagunjagun kò tú ká tán títí di 1893. Ohun tí ogun àgbáyé méjì kọ́ àwọn òyìnbó, Kírìjí ti kọ́ wa ṣáájú wọn: ìlú tí o fi ipá jókòó lé lórí kò ní jẹ́ kí o sùn.

Ayé wá gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Ní 1928, àwọn ìjọba fọwọ́ sí ìwé ní Paris pé àwọn kò ní fi ogun yanjú ìjà mọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tún lọ ja èyí tó burú jù. Ní 1945, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ìjọba kan kò gbọdọ̀ gbé ogun ti ilẹ̀ ìjọba mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà, Dahomey àti Tógò gba òmìnira, ìpàdé gbogbogbòò àjọ náà kéde pé gbogbo ènìyàn tó wà lábẹ́ àjèjì ló ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà ara wọn. Ìbò 89 ló gbè é, kò sí ẹyọ kan tó kọ̀ ọ́. Nàìjíríà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní bí oṣù méjì ṣáájú, dìbò fún un. Mòrókò pàápàá dìbò fún un. Nígbà tó di 1970, àjọ náà tún sọ ọ́ ní gbangba pé ilẹ̀ yòówù tí ẹnikẹ́ni bá fi ipá gbà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí ohun tó bá òfin mu.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kì í ṣe ẹni tó gba ilẹ̀ nìkan ló ń bá wí. Àwọn tó dúró tí wọ́n ń wò ló ń kìlọ̀ fún. Àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ti kó ogun jáde kò ní tìtorí ìwé dá ìbọn dúró. Ohun tí wọ́n fẹ́ dí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun, nígbà tí aládùúgbò bá dé pẹ̀lú ẹ̀bùn, tó ní ẹ kú oríire, tó bá a fọwọ́ sí ìwé òwò, tó ṣí ọ́fíìsì. Ìgbà yẹn ni ìjàgbà ń di ẹ̀tọ́. Ọba Hassan kò lè sọ Dakhla di ti Mòrókò, bí ó ti wù kí sọ́jà rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ̀yin lẹ lè bá a ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi fi Rabat sílẹ̀, tí mo dojú kọ Banjul àti Lomé.

Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1935, nígbà tí Mussolini kó ogun wọ Etiópíà, a ò ní ìjọba tiwa, a ò ní àsíá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń pàṣẹ lé wa lórí. Síbẹ̀ àwọn ará Èkó péjọ, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n dá owó fún Etiópíà. Ní London, Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ WASU dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Ní 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọba lé wọn lórí gbà pé ọba Itálíà ti di ọba Etiópíà. Àwọn tálákà Èkó tó dá kọ́bọ̀ kò gbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, Haile Selassie padà wọ Addis Ababa, ìwé tí London fọwọ́ sí sì di ìtìjú fún ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ kọ̀ láti fi ilẹ̀ onílẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ ní àga nínú àjọ Áfíríkà ní Addis Ababa kan náà, ẹ fi tọrẹ.

Ẹ tún rántí Nàmíbíà. Ní 1971, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé ìjókòó Gúúsù Áfíríkà níbẹ̀ lòdì sí òfin, àti pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ ṣe ohun tó lè dà bí ẹni pé ó fọwọ́ sí i. Onyeama àti Ignacio-Pinto wà lórí àga nígbà yẹn pẹ̀lú. Gbogbo Áfíríkà yọ̀. Bí ìjọba Áfíríkà kan bá ti lọ ṣí ọ́fíìsì sí Windhoek lábẹ́ àṣẹ Pretoria nígbà náà, ọ̀dàlẹ̀ la ó máa pè é títí láé. Nàmíbíà dúró, a dúró tì í, ó gba òmìnira ní 1990. Òfin tí a fi gba Nàmíbíà sílẹ̀ ni ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Dakhla.

Ẹnìkan nínú yín lè ní ó ti pẹ́ jù, pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pé ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Rárá o. Ní 1940, nígbà tí Stalin gba Estonia, Latvia àti Lithuania, ìjọba Amẹ́ríkà ní òun kò ní kà á sí, ó sì ń bá aṣojú wọn lò ní Washington títí di 1991 tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi gba ara wọn. Àádọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan nìyẹn. East Timor wà lábẹ́ Indonésíà fún ọdún 24. Oṣù kan péré lẹ́yìn tí àwọn ará Mòrókò rìn wọ Sàhárà ni sọ́jà Indonésíà wọ ibẹ̀, ìyẹn oṣù kejìlá 1975. Ní 1999 wọ́n ṣí àpótí ìdìbò fún wọn, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ yan òmìnira, wọ́n sì di orílẹ̀-èdè ní 2002. Àwọn méjèèjì bọ́ sínú wàhálà ní ọdún kan náà. Ọ̀kan ti ní àsíá ní New York, èkejì ṣì ń tò sórí ìlà fún omi nínú àgọ́.

Amẹ́ríkà tó dúró fún Lithuania nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ náà ni Donald Trump fi kéde ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 2020 pé Mòrókò ló ni Sàhárà, nítorí pé Mòrókò gbà láti bá Ísírẹ́lì ṣe ọ̀rẹ́. Ilẹ̀ ẹni kẹta ni wọ́n fi san owó ọjà. Sípéènì tẹ̀ lé e ní 2022, ó fara mọ́ ètò Mòrókò, Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024, Gẹ̀ẹ́sì ní 2025. Mi ò ní pọ̀ lọ́rọ̀ lórí àwọn wọ̀nyí. A mọ ìwà wọn láti Berlin. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti retí nǹkan mìíràn.

Kẹ́ńyà náà fọ́ mi lọ́kàn. Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà fẹ́ ya wọ Ukraine, aṣojú Kẹ́ńyà, Martin Kimani, dìde nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ó ní àwa ọmọ Áfíríkà mọ ohun tí ó jẹ́ kí àwọn àjèjì fa ààlà káàkiri ilẹ̀ ẹni, a sì yàn láti má ṣe tìtorí rẹ̀ jagun. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ààrẹ tuntun wọn, William Ruto, kọ ọ́ sórí Twitter pé Kẹ́ńyà ti yọ ọwọ́ kúrò lára ìjọba tí Polisario kéde fún àwọn Sahrawi. Lẹ́yìn náà ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ sì ní ipò Kẹ́ńyà kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ilẹ̀ òyìnbó ní New York, ṣé kò lè gbé oṣù méje nípa ilẹ̀ Áfíríkà?

Àwọn kan ń sọ pé bí Sahrawi bá gba òmìnira, gbogbo ẹ̀yà ni yóò ya, Áfíríkà yóò fọ́ yángá. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ka ìpinnu tí àwọn bàbá yín ṣe ní Cairo ní 1964. Wọ́n ní ààlà tí òyìnbó fi sílẹ̀ ni kí oníkálukú dì mú. Ààlà tí Sípéènì fi sílẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, ìpinnu Cairo sì wà lẹ́yìn Sahrawi. Mòrókò ni ààlà náà kò tẹ́ lọ́rùn. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù kí ààlà má baà bàjẹ́, ẹni tó ba ààlà jẹ́ lẹ tì lẹ́yìn yẹn.

Àwọn mìíràn ní ètò ìṣàkóso ara-ẹni lábẹ́ Mòrókò, tí Rabat gbé kalẹ̀ ní 2007, ti tó, pàápàá lẹ́yìn tí Ìgbìmọ̀ Ààbò fi ìbò 11 fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ìjíròrò ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2025. Ó lè jẹ́ pé ètò náà dára. Ó lè jẹ́ pé àwọn Sahrawi yóò gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Ẹ bi wọ́n. Kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn tí mò ń béèrè fún wọn ju pé kí ẹ bi wọ́n lọ. Ilé ẹjọ́ àwọn ará Yúróòpù pàápàá sọ ọ́ ní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tó wọ́gi lé àdéhùn ẹja àti ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá Mòrókò ṣe, pé àwọn Sahrawi kò fọwọ́ sí i. Bí ẹja inú òkun wọn kò bá ṣeé tà láìbi wọ́n, báwo ni ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá wọn sí ṣe wá ṣeé tà?

Mi ò ní Polisario kò lẹ́bi. Agbára pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti fìyà jẹ ọmọ tiwọn tó bá ta kò wọ́n, pàápàá láyé 1980. Àlùjéríà náà ní ohun tí òun ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ aṣáájú kì í pa ẹ̀tọ́ ará ìlú. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, orílẹ̀-èdè wo nínú tiwa ni yóò ṣẹ́ kù?

Ní Nàìjíríà, ó yẹ kí n fún wa ní ohun tó tọ́ sí wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Buhari, a tẹ́wọ́ gba ìjọba Sahrawi. Nígbà tí Sahrawi jókòó sínú àjọ Áfíríkà lọ́dún náà, Mòrókò bínú jáde, kò sì padà títí di 2017. Lórí ilẹ̀ Bakassi tí a bá aládùúgbò wa ṣẹjọ́ lé lórí, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dá wa lẹ́bi ní 2002. Bola Ajibola, ọmọ Òwu, tí a yàn sórí àga, kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Síbẹ̀ a kó sọ́jà kúrò láti 2006, a sì jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ ní 2008. Àwọn ará Bakassi sunkún pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn, ẹkún wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n a kò fi ìbọn dá ilé ẹjọ́ lóhùn. Ẹ̀yin tó wà ní Abuja báyìí, ẹ má jẹ́ kí páìpù gáàsì àti ajílẹ̀ tí ọba Mohammed Kẹfà bá wa dá àdéhùn lé lórí ní 2016 di ohun tí a ó fi ta ohùn yẹn. Ẹ bá Mòrókò ṣòwò, kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti Mòrókò ni kí ẹ bá a ná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yorùbá, ẹ dúró, tiyín kù. Mo ń rí yín lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé Yorùbá ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà ara rẹ̀, tí ẹ ń ka òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bí ẹni ń ka oríkì. Àwọn kan nínú yín tún ni mo rí tí ń kí Putin kú iṣẹ́ pé ó gba ilẹ̀ Ukraine, pé ọkùnrin ni, pé bó ṣe yẹ kí olórí rí nìyẹn. Ojú tì mí fún yín. Òfin tí ẹ ń kà fún ara yín, òun náà ni wọ́n fi ṣe ààbò fún ẹni tí ẹ ń fi ṣẹ̀sín. Bí kò bá sí fún Sahrawi, tí kò sí fún Ukraine, kò sí fún yín nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí a gbọ́ ohùn òun, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti ọmọ inú àgọ́ ní Tindouf.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ilé ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha dá ẹjọ́ kan tí Bernard Mornah, ọmọ Gánà, pe ìjọba mẹ́jọ, Benin sì wà nínú wọn. Ó ní wọ́n jẹ̀bi nítorí wọ́n gba Mòrókò padà sínú àjọ láìgbèjà Sahrawi. Ilé ẹjọ́ náà kò dá àwọn mẹ́jọ náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé ìjókòó Mòrókò lórí ilẹ̀ náà lòdì sí ẹ̀tọ́ àwọn Sahrawi láti yan ọ̀nà ara wọn, àti pé iṣẹ́ gbogbo ìjọba tó wà nínú àjọ náà ni láti wá ojútùú sí i. Ilé ẹjọ́ yín ni. Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń san owó oṣù àwọn adájọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣú lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti to orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, wọ́n lé ní 86,000. Mòrókò rí i pé iye náà kò ní gbe òun, ẹ̀bẹ̀ àtúnyẹ̀wò tó lé ní 130,000 sì ya bo ọ́fíìsì ikọ̀ náà títí gbogbo ètò fi dúró. Ọ̀pọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn ti kú báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà, wọ́n sì mọ orúkọ bàbá wọn. Ní ìpàdé Addis Ababa tó ń bọ̀, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àti ìṣọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé orúkọ náà jáde, kí wọ́n fi àwọn ọmọ kún un, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ìdìbò yóò wáyé, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn.